Ọwọ́ Tí Ó Gbé Bíríkì: Ìwà Aṣáájú àti Olùkọ́ Nínú Ìtàn Mọ́sálásí Ànábì ní Mọdínà

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìfilọ́lẹ̀ ní kí a kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí yìí, ohun tí wọ́n bi wá ni pé: irú ìwà wo ni ó ń mú kí aṣáájú kan ṣe àṣeyọrí, tí ẹlòmíràn tí ó ní owó jù ú lọ, tí ó sì kàwé jù ú lọ, kò fi rí i ṣe? A ronú lọ, a ronú bọ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé mọ́sálásí ni a fẹ́ ṣí, a rí i pé àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Mọ́sálásí kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 622. Bíríkì amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ìtì igi dàbínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ dàbínù ni òrùlé rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni àwọn olùkírun ń forí kan. Láti inú ilé yẹn ni àwọn tí wọ́n ṣe àkóso Yemen, Síríà, Íjíbítì àti ilẹ̀ Páṣíà ti jáde, kí ogójì ọdún tó pé. Ẹni tí ó kọ́ wọn ni ìtàn wa dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́sálásí tiwa ti máa ń bàjẹ́. Nígbà tí Ànábì wọ Mọdínà, olúkúlùkù ìdílé ni ó ń di ìjánu ràkúnmí rẹ̀ mú, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá dé sí ọ̀dọ̀ àwọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ràkúnmí náà máa lọ, nítorí pé ẹni tí a pa láṣẹ ni. Ibi tí ó kúnlẹ̀ sí jẹ́ gbalasa kan tí wọ́n ti ń sá dàbínù, ilẹ̀ ọmọ òrukàn méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Sahl àti Suhayl. Àwọn ọmọ náà ní àwọn fi tọrẹ. Ànábì kọ̀, ó ní òun kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rà á, wọ́n sì san owó rẹ̀. Bí ó bá gbà á, ta ni ì bá bá a wí? Gbogbo ìlú ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọdé lè fi nǹkan tọrẹ lónìí nítorí ayọ̀, kí ó sì dàgbà tán kí ó wò ó pé wọ́n fi ọgbọ́n gba ogún òun. Àwa mọ mọ́sálásí kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ọdún kejìlá tí wọ́n ti ń kírun nínú rẹ̀ ni ìwé kóòtù dé. Ẹ̀gbọ́n kan ni ó fi ilẹ̀ tọrẹ lójú agbo bí irú èyí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi àwọn àbúrò rẹ̀ léèrè. Títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí, ojú fèrèsé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọjú sí ara wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ànábì kò jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Òun náà ń gbé bíríkì pẹ̀lú wọn, wọ́n sì jọ ń kọrin iṣẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣe. Ammar ọmọ Yasir ń gbé méjì méjì nígbà tí àwọn yòókù ń gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Ànábì rí i, ó ń fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí. Ọ̀gá tí ó ń gbé bíríkì tirẹ̀ tún ráyè rí ẹni tí ó ń gbé méjì. Kò kéde rẹ̀, kò sì fi í jẹ oyè. Ó kàn gbọn eruku ara rẹ̀ dànù.

Àwọn eléré bọ́ọ̀lù ní ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní kóóṣì. Ẹ̀bá pápá ni ó máa ń dúró sí, tí ó ń pariwo, tí kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù kan. A kò bú wọn, bí òfin eré wọn ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ogun Yàrà ní ọdún 627, Ànábì kò dúró sí ẹ̀bá. Àwọn ọ̀tá tó bí 10,000 ni wọ́n ń bọ̀, Mùsùlùmí kò ju bí 3,000 lọ. Ẹni tí ó mú àbá wá pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà ni Salman, ará Páṣíà, tí kò tíì pẹ́ tí ó bọ́ lóko ẹrú. Gbogbo ilé Yorùbá ló mọ ohun tí yàrà jẹ́, nítorí òun ni àwọn baba wa náà fi ń dáàbò bo ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn Lárúbáwá kò mọ̀ ọ́n. Ànábì kò wò ó pé àlejò ni Salman, tàbí pé ẹrú àná ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bá a gbin igi dàbínù 300 tí olówó rẹ̀ bèèrè kí ó tó tú u sílẹ̀. Ó gba àbá rẹ̀, ó pín ilẹ̀ náà fún wọn, ìgbọ̀nwọ́ 40 fún ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá, òun náà sì bọ́ sínú kòtò. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n ń so òkúta mọ́ ikùn. Nígbà tí àpáta kan kò gbà fún ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n pè, òun ni ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òkúta lára ikùn tirẹ̀, tí ó sì fọ́ ọ.

Nínú mọ́sálásí náà, ibì kan wà lẹ́yìn tí wọ́n fi imọ̀ ṣe ìbòòji lé lórí, wọ́n ń pè é ní Suffa. Ibẹ̀ ni àwọn tí kò nílé, tí kò lóko, tí kò sì lẹ́bí ní Mọdínà ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní èdè tiwa, ilé-kéwú àkọ́kọ́ ni. Abu Hurayra wà lára wọn. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé ebi máa ń gbé òun ṣubú. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa á, Ànábì rí i lójú ọ̀nà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ń ṣe é láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀. Wọ́n dé ilé, wọ́n bá wàrà nínú igbá kan. Ànábì ní kí ó lọ pe gbogbo àwọn ará Suffa wá. Inú Abu Hurayra bàjẹ́, nítorí ó rò ó pé kí ni igbá kan yóò ṣẹ́kù fún òun. Wọ́n dé, ó ń gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn mu yó. Ó kan òun náà, Ànábì ní kí ó jókòó kí ó mu, kí ó tún mu, títí ó fi búra pé kò sí àyè mọ́. Nígbà náà ni Ànábì wá gba igbá, ó mu ìyókù. Ẹni tí ó ni ilé ni ó mu gbẹ̀yìn. Abu Hurayra yẹn ni ó wá di ẹni tí hádíísì tí ó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní 5,000. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn olùṣàkóso mọ́sálásí lé e jáde pé kí ó má sùn sínú ilé Ọlọ́hun, mélòó nínú ẹ̀sìn wa ni ì bá sọnù?

A fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí bí ó ti ń tọ́ ènìyàn sọ́nà, nítorí iṣẹ́ tí a ń ṣe nìyẹn, a sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ará oko kan wọ mọ́sálásí yẹn, ó lọ sí igun kan, ó tọ̀ síbẹ̀. Àwọn Sàhábà dìde sí i. Ànábì dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó tọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bu omi dà sójú ibẹ̀, ó sì pe ọkùnrin náà, ó ṣàlàyé fún un pé ilé ìrántí Ọlọ́hun, ìrun àti kíka Àlùkùráánì ni èyí, kò wà fún ẹ̀gbin. Ó parí. Garawa omi kan ni gbogbo ẹjọ́ náà ná wọn.

Ẹlòmíràn tún wà tí ó wá kírun ní kánmọ́kánmọ́, tí kò jẹ́ kí rúkúù àti ìforíkanlẹ̀ rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ó kí Ànábì, Ànábì dá a lóhùn, ó ní kí ó padà lọ kírun nítorí kò tíì kírun. Ó padà, ó tún ṣe bákan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dá a padà. Ní ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní òun kò mọ̀ ju èyí lọ, kí ó kọ́ òun. Ìgbà náà ni ó wá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ tí ó gbọ́n ni ó mọ ìgbà tí etí ọmọ ṣí. Kò kọ́ ọ ní ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ dójú tì í. Ó fi í sílẹ̀ títí ọkùnrin náà fi bèèrè.

Ní ilé-kéwú tí àwa ti kọ́ wàláà, kò sí ẹni tí í bèèrè. Pàṣán ni ó máa ń bèèrè. A kò sọ èyí láti bú olùkọ́ wa. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, àwọn ni ó fi lẹ́tà sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa náà di olùkọ́, bí wọ́n ti nà wá ni àwa náà ń nà. Ọmọ kan wà tí kò lè ka Yásíìn já. A nà án ní òwúrọ̀, a nà án ní ìrọ̀lẹ́. Ó di ọjọ́ kan, kò wá mọ́. Ìgbà tí ó pẹ́ ni ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa, pé kò rí ohun tí a kọ sára wàláà láti ibi tí a máa ń mú un jókòó sí. Awakọ̀ ni báyìí, ó ti ra gíláàsì sójú. Tí ó bá rí wa ní gáréèjì, ó máa ń dọ̀bálẹ̀, kì í sì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kì í wọ mọ́sálásí tí ó bá mọ̀ pé àwa wà níbẹ̀. Láti ọdún yẹn, kí a tó bá ọmọ wí, a máa ń mú un jókòó sí iwájú ná.

Mu'adh ọmọ Jabal náà ṣe àṣìṣe tirẹ̀. Ó máa ń bá Ànábì kírun Ìṣáì, kí ó tó padà lọ ṣe lèmọ́mù fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ Súrátùl-Bàkárà. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ oko láti àárọ̀ yà kúrò nínú ìlà, ó dá kírun tirẹ̀, ó lọ. Mu'adh ní mùnááfíkì ni. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì, inú bí i gidigidi, ó bi Mu'adh lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ dá ìdààmú sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn ni, ó sì ka àwọn súrà kékeré tí ó yẹ kí ó máa lò fún un. Ẹni tí ó gba ìbáwí yìí, ṣé wọ́n lé e kúrò nídìí lèmọ́mù? Rárá. Nígbà tí ó yá, òun ni Ànábì rán lọ sí Yemen láti lọ máa kọ́ wọn, láti máa dá ẹjọ́ wọn. Ó kìlọ̀ fún òun àti Abu Musa pé kí wọ́n mú nǹkan rọrùn fún ènìyàn, kí wọ́n má ṣe ni wọ́n lára, kí wọ́n má sì ṣe lé wọn sá. Ó sin ín jáde. Mu'adh wà lórí ẹran ìgùn, Ànábì ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti gbígba ìmọ̀ràn, àpẹẹrẹ pọ̀. Ní Badr, ọdún 624, Hubab ọmọ al-Mundhir bi í bóyá àṣẹ Ọlọ́hun ni ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí tàbí èrò tirẹ̀. Ó ní èrò òun ni. Hubab ní ibẹ̀ kò dára, kí wọ́n sún mọ́ kànga. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n sún. Ní Uhud, ọdún 625, èrò tirẹ̀ ni kí wọ́n dúró sínú ìlú, àwọn ọ̀dọ́ ní kí àwọn jáde. Ó tẹ̀lé wọn. Àwọn tafàtafà 50 tí ó fi sórí òkè, tí ó ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò, kúrò nítorí ìkógun, bí 70 Mùsùlùmí sì kú lọ́jọ́ náà. Òmíràn nínú wa ì bá ti sọ pé láti òní lọ, èmi nìkan ni n ó máa dá ìpinnu ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Uhud gan-an ni Ọlọ́hun sọ ọ́ kalẹ̀ fún un pé kí ó foríjì wọ́n, kí ó sì máa bá wọn gbìmọ̀ nìṣó.

Èyí tí ó wú wa lórí jù ni ti Hudaybiyya ní ọdún 628. Mùsùlùmí bí 1,400 ti wọ aṣọ hárámì, wọ́n fẹ́ lọ ṣe úmúrà, àwọn ará Mọ́kà dínà. Ànábì bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n padà ní ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn Sàhábà wọ eegun. Nígbà tí ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n dúńbú ẹran, kí wọ́n sì fá orí, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tí ó dìde. Ó wọlé lọ bá Umm Salama, ìyàwó rẹ̀, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìyá náà ní kí ó jáde, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó dúńbú ràkúnmí tirẹ̀, kí ó sì pe afárí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń fá orí ara wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú sí ìpàdé mọ́sálásí, àmọ̀ràn obìnrin ni ó gba gbogbo ìjọ là lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin Ìyá Àdínnì ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìmọ̀ràn rẹ̀ kúrú, kò sì tún un sọ lójú agbo.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí ó jẹ wá lógún jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lẹ́yìn ẹni. Zayd ọmọ Thabit kéré débi pé wọ́n dá a padà nílé nígbà ogun Badr. Ó dun ọmọ náà. Ànábì fún un níṣẹ́ mìíràn: kí ó lọ kọ́ ìkọ̀wé àwọn Júù, kí ó lè máa bá òun ka lẹ́tà wọn. Kò ju nǹkan bí ọjọ́ 15 lọ tí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó di akọ̀wé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n há Àlùkùráánì sórí kú ní ogun Yamama ní nǹkan bí ọdún 633, ọmọ tí wọ́n dá padà nílé yẹn ni Abubakar gbé iṣẹ́ kíkó Àlùkùráánì jọ lé lọ́wọ́.

Usama ńkọ́? Ọmọ ogún ọdún tàbí tí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí Ànábì fi í ṣe olórí ogun ní ọdún 632. Bàbá rẹ̀, Zayd, ti jẹ́ ẹrú rí, ojú ogun ní Mu'ta ni ó kú sí. Àwọn àgbàgbà wà lábẹ́ Usama nínú ogun náà, Umar pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn kan ń kùn. Ànábì tí àìsàn ti gbé dè gun mínbárì, ó ní bí wọ́n ti ń kùn sí ọmọ yìí ni wọ́n ṣe kùn sí bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó yẹ fún ipò náà ni bàbá, ẹni tí ó yẹ náà sì ni ọmọ. Kí ogun tó lọ, Ànábì papòdà. Ìlú dàrú, àwọn ẹ̀yà mìíràn ń yọ kúrò nínú ẹ̀sìn. Wọ́n ní kí Abubakar dá ogun náà dúró, ó kọ̀. Wọ́n rán Umar sí i pé bí kò bá ní dá a dúró, kí ó kúkú fi àgbàlagbà ṣe olórí. Abubakar, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni pẹ̀lẹ́, dìde, ó di irùngbọ̀n Umar mú, ó bi í bóyá òun ni yóò yọ ẹni tí Ànábì fi joyè.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Usama wà lórí ẹṣin, Abubakar ń fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀. Ojú ti ọmọ náà. Ó ní, ìwọ arọ́pò Ànábì, yálà kí o gun ẹṣin tàbí kí èmi sọ̀kalẹ̀. Abubakar ní òun kò ní gùn, òun náà kò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Kí ni ó burú bí eruku bá kan ẹsẹ̀ òun fún wákàtí kan lójú ọ̀nà Ọlọ́hun? Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí a kò lè gbàgbé. Ó nílò Umar ní Mọdínà láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Usama ni Umar. Òun tí ó jẹ́ olórí gbogbo Mùsùlùmí bẹ Usama pé bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó yọ̀ǹda Umar fún òun. Usama yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ foríjì wá. A ti rí mọ́sálásí tí lèmọ́mù rẹ̀ kú, tí ó jẹ́ pé odindi ọdún méjì ni wọ́n fi jà, tí ọlọ́pàá ti ìlẹ̀kùn pa. Kì í ṣe pé kò sí ọmọ tí ó kàwé. Wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n jẹ́ kí ó ṣíwájú ìrun Àsùbáá kan rí, nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè tí ó lè dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ó gbé àṣìṣe rẹ̀ yọ.

A kò ní pẹ́ lórí Umar, nítorí ìtàn rẹ̀ tó ìwé kan lọ́tọ̀. Méjì péré ni a ó mú. Nígbà tí ó joyè ní 634, ó gba ipò olórí ogun Síríà lọ́wọ́ Khalid ọmọ al-Walid, ó fi í fún Abu Ubayda. Khalid kò tíì fìdí rẹmi rí lójú ogun, ṣùgbọ́n Umar ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn ti ń rò pé Khalid ni ó ń ṣẹ́gun, tí wọ́n ń gbàgbé Ọlọ́hun. Khalid kò dìtẹ̀, ó ń jagun nìṣó lábẹ́ ẹni tí ó gba ipò rẹ̀. A kì í sábà yin Khalid fún èyí tó bí a ti ń yìn ín fún idà. Èkejì ni pé bí Umar bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe gómìnà, yóò kọ iye ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ. Bí ó bá wá pọ̀ sí i kọjá bí ó ti yẹ, a pín in sí méjì, ìdajì wọ àpò ìjọba. Akápò wa tí ó ní kí wọ́n máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri ní gbogbo Jímọ̀ kì í ṣe aláìgbọ́kànlé. Ọ̀nà Umar ni ó ń tọ̀.

Ní ilẹ̀ wa níbí náà, a rí ẹni tí ó gba ọ̀nà yìí. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí ní ọdún 1917 ní Wasa, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, lọ sí Cairo ní 1946, ó wo bí wọ́n ti ń kọ́ni níbẹ̀. Ní 1952 ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó kó ọmọ kéwú kúrò lórí ẹní, ó mú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú pátákó ìkọ̀wé, ó pín wọn sí kíláàsì, ó ṣètò ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí kò rí ìwé tí ó bá ilẹ̀ wa mu, ó jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ní ilé ìtẹ̀wé tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe gbogbo àfáà ni inú rẹ̀ dùn sí i nígbà náà. Ó papòdà ní 1992, Markaz kò sì ti ìlẹ̀kùn. Àwọn tí ó kọ́ ti lọ dá ilé-kéwú tiwọn sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó kú, wọ́n sì ti kọ́ àwọn mìíràn. Bí ẹ bá bi àfáà kan ní ibi tí ó ti kàwé ní apá ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ sì tún bi í léèrè olùkọ́ olùkọ́ rẹ̀, kì í pẹ́ tí orúkọ Agége fi máa ń jáde.

Ó ku ẹnì kan tí a fẹ́ dárúkọ kí a tó gbé kálàmù sílẹ̀. Obìnrin dúdú kan wà tí ó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Kò jagun, kò sọ hádíísì, kò ní owó tí ó fi sílẹ̀. Ó kú ní òru. Àwọn Sàhábà wò ó pé kò tó ohun tí à ń jí Ànábì sí, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ Ànábì wo inú mọ́sálásí, kò rí i, ó bèèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun. Ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun. Wọ́n mú un lọ, ó dúró síbẹ̀, ó sì kírun sí i lára.